E Ma Wo Ogiri Yen

Ọjọ́ kẹrin tí ògiri wó pa ọkọ rẹ̀, ìyàwó bíríkìlà ń rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ ilé-ìwé ọmọ ọlọ́mọ nígbà tí ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ kan ilẹ̀kùn. Abẹ́rẹ́ gún un níka bó ṣe fẹ́ dìde. Ó wo ẹ̀jẹ̀ tó yọ, ó nù ún mọ́ etí ìró rẹ̀, kò tilẹ̀ ṣe "yéè". Láti àárọ̀ Sátidé yẹn ni ara rẹ̀ ti rí bẹ́ẹ̀, bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé lórí títí tó fi kú. Wọ́n ń bá a kẹ́dùn, ó ń gbọ́. Wọ́n ń sunkún, ó ń wò wọ́n. Àwọn kan ti ń sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀ pé obìnrin yìí mà le o, omi ò tiẹ̀ bọ́ lójú ẹ̀. Ẹ dákun, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ, kò sì sí ẹni tó bi í léèrè ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà tirẹ̀.

Ọkùnrin tó wọlé kúrú, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gùn dé itan, àpò rẹ̀ sì kún fún ẹ̀pà. Ní àgọ́ ọlọ́pàá, Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń pè é, torí ọ̀rọ̀ yẹn kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, kò sì sí ohun tó ń yára ṣe láyé yìí àyàfi kó bó ẹ̀pà.

"Ẹ kú ìrọ́jú, Màmá. Ẹ kú ọ̀rọ̀ èèyàn."

"Ẹ ṣé. Ẹ jókòó."

Ó jókòó, ó yọ fóònù kékeré kan tí wọ́n fi ọ̀rá wé jáde. "Fóònù ọkọ yín nìyí. Ọ̀gá wa ní kí n dá a padà fún yín, kí n sì pa fáìlì dé."

"Ẹ ti parí iṣẹ́ nìyẹn."

"Àwọn ni wọ́n parí ẹ̀, Màmá. Èmi ò tíì bẹ̀rẹ̀."

Ó wá to ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bí ẹni tó ń to ẹ̀pà sórí tábìlì. Ìjọba fi owó sílẹ̀ kí wọ́n tún kíláàsì mẹ́ta tó ti gbó ṣe ní ilé-ìwé àdúgbò, kí wọ́n sì kọ́ méjì mọ́ ọn. Kọngílá kan gba iṣẹ́ náà, ó gba ọkọ obìnrin yìí ṣe bíríkìlà. Ògiri ẹ̀yìn kíláàsì kẹta ò dára. Láàárọ̀ Sátidé, bíríkìlà dá nìkan lọ síbẹ̀, ó dúró sí ìta, ó fi òòlù ńlá lu ògiri náà. Òrùlé bọ́, ògiri sì wó lù ú. Kọngílá wá sí àgọ́, ó ní òun ti kìlọ̀ fún bàbá náà lọ́jọ́ Ẹtì, kódà òun fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Ọlọ́pàá sì bá àtẹ̀jíṣẹ́ náà nínú fóònù òkú.

Díẹ̀díẹ̀ na fóònù náà sí i. *Baba e ma wo ogiri yen lola.*

Obìnrin náà ò nílò àtitún un wò. Ó mọ lẹ́tà wọ̀nyẹn bó ṣe mọ ojú abẹ́rẹ́.

"Bí Kọngílá ṣe kà á fún wa rèé," Díẹ̀díẹ̀ wí. "Bàbá, ẹ má wó ògiri yẹn lọ́la. Má. Wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé olórí kunkun ni ọkọ yín, wọ́n ní kó má ṣe é, ó ṣe é, ó sì fọwọ́ ara ẹ̀ fa ikú."

Olórí kunkun. Àbúrò ọkọ rẹ̀ gan-an ti sọ ọ́ lánàá níwájú àwọn àlejò, ó ń fi ọwọ́ nu ojú, ó ń wí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi ò gbọ́ràn, ẹ̀gbọ́n mi ò gbọ́ràn." Ó gbọ́ ọ láti inú yàrá. Kò lè bínú sí i. Bóyá ìbínú náà wà níbì kan, kò ṣáà rí i.

Ojú Díẹ̀díẹ̀ ti kúrò lára rẹ̀. Ó ti dúró sórí ẹ̀rọ ìránṣọ, níbi tí awò ojú kan wà tí wọ́n fi òwú dúdú wé apá rẹ̀ kan.

"Ta ló ni awò yẹn?"

"Ọkọ mi ni. Ó ṣẹ́ lọ́jọ́rú. Mo ní màá bá a fi òwú dì í."

"Ó ń rí nǹkan láìlò ó?"

"Ògiri tó wà lọ́hùn-ún, ó rí i ju èmi àti ẹ̀yin lọ. Lẹ́tà ni kì í rí. Ó ní èèrà ni gbogbo ẹ̀ ń dà lójú òun."

Díẹ̀díẹ̀ bó ẹ̀pà kan, kò jẹ ẹ́. "Awò wà níbí láti Ọjọ́rú. Àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé lọ́jọ́ Ẹtì, aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Màmá, ta ló kà á fún un?"

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà nìyẹn. Ó ti gbé e fún ọjọ́ mẹ́rin, ó gbé e sùn, ó gbé e jí.

"Èmi ni."

"Kí lẹ kà?"

"Ẹ máa wó ògiri yẹn lọ́la."

"Máa."

"Máa." Ó gbé aṣọ ọmọ náà sórí itan, ó ń tẹ́ kọ́là rẹ̀. "Sìmẹ́ńtì tán níbi iṣẹ́, ó tètè délé. Ó na fóònù sí mi, mo kà á. Kò sí àmì kankan lórí ẹ̀, èmi ni mo fi ẹnu mi fi àmì sí i. Tó bá jẹ́ pé má ló wà níbẹ̀, èmi ni mo pa ọkọ mi."

Ohùn rẹ̀ ò lọ sókè, kò wálẹ̀. Bó ṣe máa ń sọ ìwọ̀n ìbàdí oníbàárà rẹ̀ ló ṣe sọ ọ́.

Ọkùnrin mìíràn ì bá ti sáré sọ pé "ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Màmá, àmúwá Ọlọ́run ni." Díẹ̀díẹ̀ ò sọ ọ́. Ó ní, "Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ó sì lè má rí bẹ́ẹ̀. Mi ò ní purọ́ fún yín. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ múra, ẹ jẹ́ ká lọ wo ògiri náà. Ẹ̀yin lẹ mọ ọwọ́ ọkọ yín, èmi ò mọ̀ ọ́n."

* * *

Pátákó ìjọba wà lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé, ọ̀dà rẹ̀ ṣì ń dán: *Àtúnṣe Yàrá Ìkẹ́kọ̀ọ́ Mẹ́ta àti Àfikún Méjì*. Lẹ́yìn pátákó, àwọn ọmọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú gbàgede, wọ́n ń ka ìṣirò lóhùn kan. Kíláàsì tuntun méjì náà ga dé ẹnu fèrèsé, ó dúró síbẹ̀, koríko ti ń hù lórí yanrìn tó kù.

Ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ibi tó ga dé yẹn. Gbọnrangandan ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é, nítorí tí búlọ́ọ̀kù kan bá yẹ̀ bí èékánná, á ní kí wọ́n tú u. "Ògiri tí ò bá dúró gbọnrangandan, ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀," á máa wí. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì tú u.

Kíláàsì kẹta wà ní ìpẹ̀kun. Tí èèyàn bá ti iwájú wò ó, ilé gidi ni: ilẹ̀kùn tì, wọ́n fi pákó kan fèrèsé pa nítorí eruku. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló ṣí sílẹ̀ sí ojú ọ̀run. Òrùlé ti fẹ̀yìn lélẹ̀, àlàpà sì wà lábẹ́ rẹ̀ gègèrè. Ẹnì kan ti da yanrìn sí ibi tí wọ́n ti gbé òkú jáde. Ìyàwó bíríkìlà wo yanrìn náà. Yanrìn ni.

"Tí ọkọ yín bá fẹ́ wó ògiri tí òrùlé wà lórí ẹ̀," Díẹ̀díẹ̀ béèrè, "kí ló kọ́kọ́ máa ń ṣe?"

"Á fi igi gbé òrùlé ró. Kì í fọwọ́ kan ògiri láìṣe bẹ́ẹ̀, kódà kó jẹ́ ilé adìyẹ."

"Ó dá yín lójú pé ó ṣe é níbí?"

"Ọjọ́bọ̀ ló ṣe é. Ẹ̀gún igi wọ̀ ọ́ látẹ́lẹwọ́. Abẹ́rẹ́ mi ni mo fi yọ ọ́ lálẹ́. Ó ní òun ri òpó mẹ́rin sínú kíláàsì kẹta, pé bí ògiri yẹn bá ń bọ̀ wá wó, kó má wó lé ọmọ kankan lórí."

"Mẹ́rin."

"Ó kà wọ́n fún mi."

Díẹ̀díẹ̀ bọ́ bàtà rẹ̀, ó ká sòkòtò, ó gun àlàpà. Ó yí búlọ́ọ̀kù kan, ó yí ìkejì, ó ń wo abẹ́ páànù. Nígbà tó yá, ó pè é kó wá sí ẹ̀gbẹ́ tí òrùlé ò bò mọ́lẹ̀. Eruku funfun bo ilẹ̀ yàrá náà, ṣùgbọ́n ojú ihò mẹ́rin hàn kedere nínú ẹ̀, igun mẹ́rin mẹ́rin, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Òpó dúró níbẹ̀ rí. Kò sí òpó níbẹ̀ mọ́. Kò sí òpó lábẹ́ àlàpà.

"Ìta ló dúró sí," Díẹ̀díẹ̀ wí. "Ilẹ̀kùn tì, fèrèsé dí. Kò rí inú. Ohun tó fọwọ́ ara ẹ̀ ri lọ́jọ́bọ̀, ó gbà pé ó ṣì wà níbẹ̀ ní Sátidé."

Ó gbọ́. Ó ń wo ojú mẹ́rin náà. Ó ronú pé ọkọ òun fi ọkàn balẹ̀ gbá ògiri náà, èyí sì ni nǹkan àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni sọ fún un nípa àárọ̀ yẹn tó wọ̀ ọ́ létí gan-an.

* * *

Ọ̀gá ilé-ìwé jẹ́ obìnrin tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí agogo fẹ́ lù mọ́ lórí. Kò tíì jókòó tí Díẹ̀díẹ̀ fi bi í.

"Wọ́n ní ẹ̀yin àti olóògbé pariwo léra yín lọ́jọ́bọ̀."

"A pariwo. Ó ní kí n kó àwọn ọmọ kúrò ní kíláàsì kẹta, mo ní ibo ni kí n kó wọn sí, orí mi? Ó ní, 'Ẹ kó wọn sínú òòrùn, òòrùn kì í wó.'" Ó yíjú sí obìnrin náà. "Lọ́jọ́ kejì mo kó wọn jáde. Ọmọ mọ́kànlélógójì. Òun ló jàre, Màmá. Mi ò rí àyè sọ ọ́ fún un."

Ìyàwó bíríkìlà mi orí.

"Kọ́kọ́rọ́ yàrá yẹn mélòó ló wà?" Díẹ̀díẹ̀ bi ọ̀gá ilé-ìwé.

"Méjì. Ọ̀kan rèé lọ́rùn mi. Kọngílá ló ni ìkejì. Òun fúnra ẹ̀ ló ránṣẹ́ sí mi pé kí n má ṣí i." Ó ṣí fóònù rẹ̀ fún wọn: *E jowo e mase si yara keta fun enikeni.*

Díẹ̀díẹ̀ wo àtẹ̀jíṣẹ́ náà pẹ́, ju bó ṣe yẹ kí èèyàn wo ìlà kan ṣoṣo lọ. "Ṣé ẹnikẹ́ni wọ ibẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì?"

"Káfíńtà tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ níbí nìkan. Bí aago mẹ́rin ààbọ̀, ó ń ti ọmọlanke, igi wà lórí ẹ̀. Mo rò pé igi tiẹ̀ ni."

"Káfíńtà!" Díẹ̀díẹ̀ fọwọ́ lẹ́rán. "Ní Sátidé ńkọ́? Ta lẹ rí?"

"Gbogbo ayé. Àmọ́ ẹ̀yin ọlọ́pàá náà, ẹ ṣe é bíi pé ẹran ló kú. A ò tíì gbé bàbá jáde tí lọ́rì tí ẹ pè láti wá kó àlàpà ti dé ẹnu géètì. Aago méje ààbọ̀ ni. Mo lé e padà."

"Lọ́rì ta ni?"

"Tiyín ni, àbí?"

"Ọlọ́pàá ò ní lọ́rì, Màmá. A ò ní epo tí a máa fi gbé ọkọ̀ kékeré pàápàá." Ó dìde. "Ìgbà wo ni àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ wò láti ọ́fíìsì ìjọba yẹ kí wọ́n wá?"

"Ọjọ́ Ajé àná. Lọ́jọ́ Ẹtì ni wọ́n pè wá, èmi àti Kọngílá. Wọ́n ti sún un síwájú nítorí òkú."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní fóònù yín di ìrọ̀lẹ́."

* * *

Káfíńtà ń fá pákó nígbà tí wọ́n wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bó ṣe rí ìyàwó bíríkìlà, ohun èlò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mi ò jalè o! Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà mí gbọ́. Èmi àti Gbọnrangandan, ọmọ ìyá ni wá lẹ́nu iṣẹ́."

"Ta ló ní o jalè?" Díẹ̀díẹ̀ jókòó sórí pákó. "Òpó mẹ́rin dà?"

"Kọngílá ló ní kí n kó o. Ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ẹ̀. Òun fúnra ẹ̀ ló bá mi sọ ọ́ kalẹ̀ níbi iṣẹ́ ẹ̀ kejì, ó tún kí mi pé mo ṣeun." Ó wá àtẹ̀jíṣẹ́ náà jáde. *Ma ko opo inu yara keta bo kiakia.*

"Ṣé ó dá ẹ lójú pé kì í ṣe 'má kó o'?"

Káfíńtà wò ó bíi pé orí rẹ̀ dàrú. "Ọ̀gá, ta ló ń ránṣẹ́ síni pé kéèyàn má kó nǹkan bọ̀ kíákíá?"

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. "Aago mélòó nìyẹn?"

"Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá." Káfíńtà kọjú sí obìnrin náà. "Mo rò pé ó ti bá Gbọnrangandan sọ ọ́. Mo rò pé wọn ò ní wó ògiri yẹn mọ́. Mo rò..." Ó jókòó sílẹ̀ nínú èérún pákó, ó ń sunkún bí ọmọdé.

Ìyàwó bíríkìlà dúró tì í. Ó fọwọ́ lé e léjìká, nítorí ohun tí èèyàn ń ṣe nìyẹn. Ó ń retí kí nǹkan kan ṣe òun náà. Kò sí.

"Fóònù tìẹ náà," Díẹ̀díẹ̀ wí. "Di ìrọ̀lẹ́."

* * *

Ọ́fíìsì Kọngílá tutù nini. Akoto iṣẹ́ tuntun kan wà lórí ìṣó lára ògiri, ọ̀rá rẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀. Ó fò dìde nígbà tó rí obìnrin náà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Màmá, ẹ kú ìrọ́jú. Bí bàbá mi ni wọ́n ṣe rí sí mi. Mo kìlọ̀, Màmá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ń yọ mí lẹ́nu pé àwọn fẹ́ wó ògiri yẹn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń sọ pé kí wọ́n má wó o. Agídí àgbàlagbà, ẹ sáà mọ̀ ọ́n."

Ẹsẹ̀ kan nínú ọ̀rọ̀ yẹn, òótọ́ ni, èyí ló sì jẹ́ kí inú ìyàwó bíríkìlà ṣófo sí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ọkọ rẹ̀ fi ń sọ ọ́ nílé pé Kọngílá kọ̀wé sí ìjọba pé òun ti tún ògiri náà kọ́ láti ìpìlẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, sìmẹ́ńtì tínínrín ni wọ́n fi rẹ́ ẹ láti bo ojú ibi tó sán; obìnrin náà sì ti sọ ọ́ fún Díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà.

"Ẹ má bínú sí wa," Díẹ̀díẹ̀ wí, ohùn rẹ̀ tutù. "A fẹ́ pa fáìlì dé ni. Ó ku nǹkan kékeré kan. Ẹ bá mi fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọ̀gá ilé-ìwé, pé wọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àlàpà yẹn títí a ó fi ya fọ́tò. Tèmi ò ní owó nínú."

"Ìyẹn nìkan?" Kọngílá rẹ́rìn-ín, àtàǹpàkò rẹ̀ sì sáré lórí fóònù.

Nǹkan kan dún nínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì Díẹ̀díẹ̀.

Ó yọ ọ́ jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lára ẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì. Ó gbé ti káfíńtà tẹ̀lé e. Ó gbé ti òkú tẹ̀lé ìyẹn.

"Ẹ wò ó, *e mase fowo kan alapa yen*. Èyí tẹ kọ nísinsìnyí nìyẹn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ ní kí ọ̀gá ilé-ìwé má ṣí yàrá, *e mase si*. Ẹ ní kí káfíńtà máa kó òpó bọ̀, *ma ko*. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí èèyàn má ṣe nǹkan, *mase* lẹ máa ń kọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó ṣe é, *ma*. Mi ò rí ibì kan tẹ́ ẹ ti pa á dà. Ẹ wá bá mi ka ti bàbá."

Kọngílá ò kà á. Ojú rẹ̀ ń lọ láti orí fóònù kan sí òmíràn. Nígbà tó yá, ó fọwọ́ lu orí ara rẹ̀. "Áà! Mo rántí báyìí. Ìdààmú ni. Ẹ máa *wo* ògiri yẹn! Mo ní kí wọ́n máa wò ó, kí wọ́n máa ṣọ́ ọ, kó má baà wó lé èèyàn."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Díẹ̀díẹ̀ bó ẹ̀pà. "Ní àgọ́, ó jẹ́ má wó. Níbí, ó ti di máa wo. Ọ̀rọ̀ yìí mà ní ẹsẹ̀ o. Ẹ wá ṣàlàyé kan fún mi. Ògiri tí wọ́n ní kí wọ́n máa wò, kí ló dé tí lọ́rì fi wá kó àlàpà rẹ̀ ní aago méje ààbọ̀ òwúrọ̀? A ti yà bá awakọ̀ ẹ̀ ní géréèjì ká tó wá síbí. Ó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì lẹ ti bẹ òun lọ́wẹ̀."

Kọngílá jókòó padà sórí àga rẹ̀.

"Àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ wò yẹ kí wọ́n dé lọ́jọ́ Ajé," Díẹ̀díẹ̀ wí. "Tí wọ́n bá rí ògiri yẹn, wọ́n á mọ̀ pé ẹ ò tún un kọ́. Tí wọ́n bá rí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ lè wí ohun tó wù yín. Ẹ ní kí bàbá wó o, ohun tó ń wá látọjọ́ yìí sì nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣáájú, ẹ ti ní kí wọ́n kó òpó tó gbé òrùlé dúró lọ síbòmíràn. Mi ò rò pé ẹ fẹ́ pa á. Àbí ẹ fẹ́ pa á?"

"Rárá o! Ọlọ́run gbọ́!" Ohùn Kọngílá já. Ó wo obìnrin náà fún ìgbà àkọ́kọ́ láìsí ẹ̀rín lẹ́nu. "Mo gbàgbé, Màmá. Iṣẹ́ pọ̀. Mo ránṣẹ́ sí káfíńtà, mo yíjú, mo ránṣẹ́ sí bàbá. Mo kàn gbàgbé ni."

Ó gbọ́ ọ. Ó gbàgbé. Èèyàn ń gbàgbé agboòrùn. Èèyàn ń gbàgbé iyọ̀ lọ́jà. Ó wo akoto tuntun tó wà nínú ọ̀rá, ó wò ó pẹ́.

"Ẹ sì wá rántí òkú," ló wí. Ohun tó sọ ní ọ́fíìsì yẹn kò ju ìyẹn lọ. "Ẹ rántí pé òkú ò ní lè ka tiẹ̀ fún ọlọ́pàá."

Kọngílá tẹrí ba. Irọ́ ì báà lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Ti èyí ò tiẹ̀ lò tó ọjọ́ márùn-ún.

Díẹ̀díẹ̀ kó àwọn fóònù padà sápò. "Ọ̀gá Kọngílá, ẹ máa bọ̀ ní àgọ́. *Máa* ni o. Mo fi àmì sí i fún yín."

* * *

Lẹ́yìn tí àwọn ọlọ́pàá ti mú Kọngílá lọ, Díẹ̀díẹ̀ sin obìnrin náà délé. Ọ̀nà ò jìn. Wọ́n kọjá lẹ́bàá ilé-ìwé, àwọn ọmọ ti lọ, bẹ́ǹṣì wọn ṣì wà nínú gbàgede. Lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó na fóònù ọkọ rẹ̀ sí i.

"Màá kọ ọ́ sílẹ̀ ní àgọ́ lónìí. Olórí kunkun ò sí nínú ìwé yẹn mọ́. Wọ́n rán an níṣẹ́, ó jẹ́ ẹ bí òṣìṣẹ́ gidi ṣe ń jẹ́ ẹ. Ẹ̀yin náà, ẹ kà á bó ṣe yẹ. Ẹ ò ṣì í kà."

"Mi ò ṣì í kà."

"Rárá. Kí ọkàn yín balẹ̀."

Ó wọlé, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, kò ti ilẹ̀kùn. Díẹ̀díẹ̀ náà ò lọ. Ó dúró lójú ọ̀nà, ó ń wò ó, ó sì rí i pé nǹkan kan ń yí padà lójú obìnrin náà, díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ń gbàdúrà pé kó jẹ́ pé òun kà á bó ṣe yẹ. Àdúrà ti gbà. Ìgbà yìí ló wá yé e. Ká ní ó ṣì í kà ni, ká ní ahọ́n rẹ̀ yọ̀ tó pè é ní *má*, ọkọ rẹ̀ ì bá kùn títí ilẹ̀ fi ṣú, ì bá sùn di ọ̀sán ní Sátidé, ì bá wà lórí àga yẹn nísinsìnyí, kó máa béèrè awò ojú rẹ̀.

"Ọ̀gá," ó pè é. "Ohun kan wà tí mi ò sọ fún yín láàárọ̀."

"Mò ń gbọ́, Màmá."

Ó mú awò ojú náà, ó ń fọwọ́ pa òwú dúdú tó wé mọ́ ọn.

"Nígbà tí mo kà á fún un, inú ẹ̀ dùn débi pé ó pàtẹ́wọ́. Ó ní, 'Ọmọ yẹn ti gbọ́ràn! Ìyàwó mi, tún un kà kí n gbọ́.'" Omi bọ́ sórí gíláàsì awò náà, ìkejì tẹ̀lé e. "Mo tún un kà."